Ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ni kó sọ bóyá ọ̀nà ṣeé wọ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ láti fèsì sí lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí òǹkàwé yín kan ti ráhùn pé awakọ̀ tó gbé ẹrù wá fún òun já a sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà láìdé ilé. Ó ní ìmẹ́lẹ́ ni. Iṣẹ́ yẹn ni iṣẹ́ tèmi náà. Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó páálí kiri àwọn ilé tó wà láàárín oko àti lẹ́yìn òkè. Èmi kò kọ̀wé láti gbè sẹ́yìn awakọ̀ tó bá ju ẹrù ẹlẹ́rù sínú òjò, nítorí pé irú wọn wà, wọ́n sì ń bà wá lórúkọ jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀, tó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà, ni ó yẹ kó ní àṣẹ láti sọ pé òun yóò wọ̀ ọ́ tàbí òun kò ní wọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí ìpinnu náà.

Ọ̀nà tí mò ń sọ kì í ṣe ọ̀nà ìjọba. Ọ̀nà onílé ni: ó yà kúrò lára ọ̀nà ńlá, ó gba àárín igbó tàbí ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, nígbà mìíràn ó gùn tó kìlómítà kan kí òrùlé ilé tó yọ. Ìjọba kì í tún un ṣe, kì í sì í kó yìnyín kúrò lórí rẹ̀ níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Bí agbára onílé bá ṣe mọ ni ọ̀nà rẹ̀ ṣe ń rí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí òmíràn, òjò á sì ti gbá a lọ sísàlẹ̀. Òmíràn jẹ́ ilẹ̀ lásán tó ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé tó ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé lẹ́yìn kọ́nà kejì, omi ti jẹ abẹ́ ilẹ̀ lápá ọ̀tún, apá òsì ló sì máa ń rọ̀ mọ́ láìronú sí i. Èmi tí mo dé ibẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Ọkọ̀ tèmi àti ti onílé kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù tí a lè fi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lásán wà ní ilẹ̀ Yúróòpù lè wúwo tó 3,500 kìlógíráàmù pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, ó ga, ó sì gùn. Afárá kékeré tí onílé fi pákó tàbí páìpù ṣe sórí gọ́tà sì lè jẹ́ èyí tó ṣe fún ìwọ̀n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ̀ka igi tí kò kan òrùlé ọkọ̀ rẹ̀ á há mọ́ tèmi.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, mo wọ ọ̀nà kan tó da gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ilé sì wà ní òpin rẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ kò ni mí lára. Mo gbé páálí sílẹ̀, ìgbà tí mo sì fẹ́ padà ni mo rí i pé kò sí ibi tí ọkọ̀ tó gùn tó tèmi ti lè yí, nítorí pé ọkọ̀ onílé méjì ti gba gbogbo iwájú ilé. Ó di dandan kí n fi ẹ̀yìn gun òkè náà. Ní ìdajì ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ọkọ̀ sì rọra ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe tẹ bíréèkì tó, kò dúró, àfi ìgbà tí ìdí rẹ̀ fara ti igi kan lẹ́bàá kòtò. Bí kì í bá ṣe igi yẹn, n kò mọ irú ìròyìn tí ìyàwó mi ì bá gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí ọkọ̀ tí yóò fà mí jáde tó dé. Ẹrù bí ogún tó kù kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín ní ọjọ́ náà, iléeṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà sì yọ owó ọkọ̀ tó fà mí jáde nínú owó oṣù mi. Síbẹ̀, ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ onílé. Ó jáde wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó bá mi kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibẹ̀ yẹn gan-an náà ni ẹni tó wá ṣáájú yín há sí.” Ó mọ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè, òun náà kò sì rò ó pé ó yẹ kí òun sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì máa ń wí pé bí awakọ̀ bá ṣáà ti rọra ń wakọ̀, kò sí ọ̀nà tí kò ní gbà á. Ìrọra nìkan kò tó. Highway Code, ìwé ìlànà tí àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́, sọ pé nígbà tí ojú ọ̀nà bá tutù, àyè tí ọkọ̀ nílò kó tó lè dúró á di ìlọ́po méjì ó kéré tán, ó sì lè di ìlọ́po mẹ́wàá lórí yìnyín. Àjọ tó ń bójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ náà sọ pẹ̀lú pé, nínú gbogbo ikú tí ọkọ̀ ń fà lẹ́nu iṣẹ́, ó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn ló ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iwájú ilé tí a ti ń fi ẹ̀yìn rìn yìí ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tí ajá ti ń sáré wá pàdé àlejò.

Nínú gbogbo èyí, fóònù tó wà níwájú mi ń ka ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ tó ń pín iṣẹ́ fún wa mọ iye kìlómítà tó wà láti ilé kan sí èkejì, ṣùgbọ́n kò mọ gẹ̀rẹ́, kò mọ ẹrẹ̀, máàpù rẹ̀ a sì máa júwe ọ̀nà tí katakata nìkan lè gbà. Bí mo bá pinnu pé n kò ní wọ̀, àfi kí n tẹ bọ́tìnnì tó ń sọ pé ẹrù kò dé. Kò sí àyè tí mo fi lè ṣàlàyé pé ọ̀nà ni kò dára, nítorí náà ọrùn awakọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́. Awakọ̀ tó ti gba ìkìlọ̀ mẹ́ta, tó mọ̀ pé ẹ̀kẹrin lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, yóò wọ ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ ti kọ̀. Mo ń bẹ àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù pé kí wọ́n fi bọ́tìnnì kan kún un fún ọ̀nà tí kò ṣeé wọ̀, kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ya fọ́tò ọ̀nà náà mọ́ ọn, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà lọ fún àwọn ará ìgbèríko lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1896, àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára kì í rí àǹfààní náà jẹ; àwọn àgbẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn ló tún ọ̀nà ṣe, tí wọ́n sì kan afárá, kí lẹ́tà lè máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba lẹ́tà náà, nínú àpótí tí kálukú gbé síbẹ̀, tó jẹ́ pé agolo àti garawa àlòkù ni ti àwọn mìíràn lákọ̀ọ́kọ́. Iṣẹ́ páálí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 1913. Ìlànà wọn fún àwọn tó ń pín ẹrù ní ìgbèríko ni pé bí páálí bá tóbi ju àpótí lọ, kí wọ́n gbé e dé ilé tí kò bá jìn ju ìdajì máìlì lọ sí ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, ìyẹn nǹkan bí 800 mítà, bí ọ̀nà tó wọ ilé náà bá ṣeé gbà. Bó bá ṣeé gbà: ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń wá nínú àdéhùn àwọn iléeṣẹ́ òde òní tí n kò rí.

Òǹkọ̀wé yín lè sọ pé bí a bá gbé ẹrù òun sẹ́nu ọ̀nà, òjò lè pa á, olè sì lè gbé e. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn tí ọ̀nà wọn gùn pé kí wọ́n ṣe àpótí ńlá tó ní ìdérí àti àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà, kó wọ inú díẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá má ba à rí i, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù lè yà sí láìdí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí a wọlé, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀nà yín síbi tí ẹ ti ń kọ àdírẹ́sì: pé kí a má wọ̀ bí òjò bá ti rọ̀, pé afárá kò lè gbé ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, pé ẹ̀gbẹ́ àká nìkan ni ọkọ̀ ti lè yí. Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ ì bá ti tó fún mi lọ́jọ́ tí mo há.

N kò gbàgbé àwọn arúgbó àti àwọn aláìlera, tí wọn kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, tí ó sì lè jẹ́ pé oògùn wọn ló wà nínú páálí. Fún irú wọn, mo ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ńlá láìmọye ìgbà, tí mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ kì í ka àkókò ìrìn yẹn mọ́ iṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n kí àwọn ẹbí wọn náà rò ó wò pé ọ̀nà tí ọkọ̀ mi kò lè wọ̀, ọkọ̀ panápaná tó wúwo ju tèmi lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ kò ní lè wọ̀ ọ́, ọkọ̀ tó wá gbé aláìsàn náà sì lè há síbẹ̀ lóru. Bí awakọ̀ akẹ́rù bá ti yí padà lẹ́nu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà náà kí ẹ tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ní ti òǹkọ̀wé tí mò ń fèsì fún, ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ yẹn ti gbìyànjú láti pè é, kí ìpè náà má sì wọlé, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbi púpọ̀ tí a ń gbé ẹrù lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, lọ́jọ́ tí òjò bá tún rọ̀, kó rìn jáde dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní àkókò tí ilẹ̀ ń ṣú, kó dúró níbi tí awakọ̀ náà gbé páálí sí, kó sì wo ọ̀nà náà láti ibẹ̀ wá sí ilé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Awakọ̀ akẹ́rù kan