Orí fífọ́ tí mo kọ sínú fáìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Ó ní àwọn ọ̀dọ́langba òde òní ò ka dókítà sí mọ́, pé fóònù ni wọ́n ń bi léèrè tí ara wọn ò bá yá, àti pé ìgbéraga ló ń ṣe wọ́n. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bá a jiyàn pé fóònù ni wọ́n ń bi. Ìdí tí wọ́n fi ń bi í ni ọ̀rọ̀ wa ò ti dọ́gba. Fóònù kì í béèrè àìsàn ẹni sókè láàárín èrò.

Ọdún 26 ni mo fi jókòó nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì nílé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò sí aláìsàn tó máa rí dókítà tí kò ní kọ́kọ́ kàn mí. Mo mọ ohun tí ojú àwọn ọmọ ń rí kí wọ́n tó wọlé, nítorí èmi náà wà lára àwọn tó fojú wọn rí màbo.

Ọmọbìnrin kan wá lọ́jọ́ kan, bí ọmọ ọdún 15, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. (Mo ti yí ọjọ́ orí rẹ̀ àti àwọn nǹkan míì padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀.) Ó tò sórí ìlà, ó kàn án, ó yẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún kàn án, ó tún yẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo pè é: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé káàdì lo fẹ́ gbà àbí o wá wòran?" Ó sún mọ́ fèrèsé. Mo ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Ó ní, "Dókítà ni mo fẹ́ rí, mà." Mo ní, "Mo mọ̀ pé dókítà lo fẹ́ rí. Mo ní kí ló ń ṣe ẹ́?"

Gíláàsì tó wà láàárín wa nípọn, ihò tó wà lára rẹ̀ kéré. Ẹni tí kò bá pariwo, a ò ní gbọ́ ara wa. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn kún, ẹni tó bá sì ti ń dúró de dókítà láti àárọ̀ kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fetí sí àìsàn ẹlòmíì lọ. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Orí ló ń fọ́ mi, mà." Mo kọ ọ́ sílẹ̀: orí fífọ́.

Wọ́n fún un ní oògùn orí fífọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó padà wá. Orí fífọ́. Mo kọ ọ́. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé kì í ṣe ìdánwò ló ń sá fún báyìí. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ ló rí i pé ọmọ náà fọwọ́ ti ògiri kó tó lè jókòó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì funfun bíi bébà. Ó mú un wọ yàrá kékeré tí a ti ń wọn àwọn aláìsàn, ó pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Nǹkan oṣù ni. Láti bí ọdún kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i, ọjọ́ 10, ọjọ́ 11 ló fi máa ń dà lára rẹ̀, ó sì rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo obìnrin nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé òòyì ń kọ́ ọ tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Orí sì ń fọ́ ọ lóòótọ́, ọmọ náà ò purọ́ fún mi. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe é, èyí tó ṣeé sọ sókè ló mú wá sídìí fèrèsé.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé tí a bá bi ọ̀dọ́langba léèrè àìsàn rẹ̀ létí èrò, kò ní dákẹ́. Àìsàn míì ló máa dá lé wa lọ́wọ́, dókítà á sì máa tọ́jú èyí tí wọ́n mú wá. Nǹkan oṣù tó bá ń kọjá ọjọ́ 7, tàbí tó ń mú kí ọmọ pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, yẹ kí dókítà mọ̀ sí i. Nígbà míì, ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà ni kò tíì tò. Nígbà míì, ẹ̀jẹ̀ ni kì í tètè dì, irú àrùn àbínibí tí wọ́n ń pè ní von Willebrand, tí ẹlòmíì ò ní mọ̀ pé òun ní in títí nǹkan oṣù á fi bẹ̀rẹ̀. Oògùn wà fún un, àyẹ̀wò wà fún un. Ibi tí wọ́n á ti sọ ọ́ ni kò sí.

Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́? Ẹ forí jì mí, olóòtú, ẹpọ̀n ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bá. (Ẹ ò rí i, èmi tí mo ti di ìyá àgbà, mo ṣì ń tọrọ ìdáríjì kí n tó dárúkọ rẹ̀.) Ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lójijì, pàápàá láàárín ọdún 12 sí 18: okùn tó gbé kóró ẹpọ̀n ró á lọ́ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè débẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, láàárín nǹkan bí wákàtí 6 tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń yè. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ìrètí ń dín kù, títí tí wọ́n á fi yọ kóró náà dànù. Ìrora rẹ̀ a máa ta dé ikùn, ọmọ a sì máa bì. Báwo lẹ ṣe rò pé ọmọ ọdún 13 máa ṣàlàyé èyí fún obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì, nígbà tí ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ wà lórí ìlà náà? Á ní inú ló ń run òun. Wọ́n á ní kó lọ jókòó. Aago á máa lọ.

Ti ọkàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ibi tí ọmọ lè fọwọ́ kàn pé ibí ló ń dùn mí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ọpọlọ tàbí ti ọkàn. Láàárín àwọn tó wà ní ọdún 15 sí 29, pípa ara ẹni ló wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n jù lọ. Ọmọ tí kò rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ayé ti sú, kí ni kó sọ gba inú ihò gíláàsì? "Ó ń rẹ̀ mí, mà" lẹ máa gbọ́. Àwọn àgbà kan tún gbà pé tí dókítà bá bi ọmọ bóyá ó ti rò ó rí láti pa ara rẹ̀, ṣe ló ń kọ́ ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé ìbéèrè náà kì í gbin èrò yẹn sọ́kàn ẹni, ara máa ń tu ẹlòmíì pé ẹnì kan tiẹ̀ béèrè.

Mo mọ ohun tí òbí máa ń rò tó bá gbọ́ pé ọmọ fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń wá sọ́kàn wa, ojú wa á sì ti yí padà kí ọmọ tó lanu. Bẹ́ẹ̀, nídìí iṣẹ́ yẹn, mo rí ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí èyí tí irorẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò lè bọ́ṣọ lójú ẹgbẹ́, mo rí èyí tó ń febi pa ara rẹ̀ kó má bàa sanra, mo rí èyí tí wọ́n ń lù nílé ìwé. Àwọn tó bá sì jẹ́ ohun tí òbí rò yẹn gan-an ló gbé wọn wá, àwọn ni kò yẹ kí a lé padà jù. Ìwàásù tí a máa ń ṣe fún wọn nídìí fèrèsé kò wo ẹnì kankan sàn.

N kò ní sọ pé ó rọrùn fún òbí. Nígbà tí wọ́n ní kí èmi náà jáde kí ọmọ mi ọkùnrin lè bá dókítà sọ̀rọ̀, inú bí mi. Mo ní, ta ló bí i? Mo jáde, ṣùgbọ́n mi ò jókòó, ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, mo na etí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí wọ́n fi pè mí padà. Ohun tó wú mi lórí ni ọ̀rọ̀ tí dókítà ti sọ níṣojú àwa méjèèjì kí n tó jáde: pé ohun tí ọmọ bá bá òun sọ á dúró síbẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe, tàbí pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́. Ọmọ mọ ibi tí àṣírí pin sí, èmi náà mọ̀ ọ́n. Òfin lórí ọjọ́ orí tí ọmọ lè dá gba ìtọ́jú yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan yẹn, kò síbi tí wọn ò ti lè sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà tuntun ni mo ń wá. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNAIDS, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti àrùn éèdì, gbé òṣùwọ̀n 8 jáde tó yẹ kí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19 kúnjú. Àṣírí wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, àkókò tó bá ọmọ ilé ìwé lára mu wà níbẹ̀ (ilé ìwòsàn tó ń ti ilẹ̀kùn kí ilé ìwé tó jáde, ta ló ṣí i fún?). Àwa tí a kì í ṣe oníṣègùn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnì kankan ò fi hàn mí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó mú ọmọ yẹn wọlé kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà lè dáhùn irú ìbéèrè yẹn níbẹ̀ yẹn?" Lẹ́yìn ìyẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í gé bébà pélébé-pélébé. Ọmọ á kọ orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀, á fàmì síbi tí a kọ "mo lè dúró" tàbí "kò ṣeé dúró" sí, á tì í gba abẹ́ gíláàsì. Ìyókù di inú yàrá tó ní ilẹ̀kùn, níbi tí nọ́ọ̀sì ti máa tètè wo ẹni tó le jù. Ọ̀gá wa kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò, ìlà sì gùn lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí mò ń bẹ àwọn ilé ìwòsàn fún kò ju bébà yẹn lọ, àti kí wọ́n pe akọ̀wé káàdì náà nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Èmi ni mo máa ń to fáìlì sẹ́yìn, bí mo ṣe rí ti ọmọbìnrin náà nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Orí fífọ́, orí fífọ́, orí fífọ́, gbogbo rẹ̀ ìwé ọwọ́ mi. Lábẹ́ ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì ti kọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Mo gbé bírò, mo fẹ́ fa ìlà lórí tèmi. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé káàdì tó ti fẹ̀yìn tì