Àbẹ̀kẹ́, Tíṣà Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Ojú Omi

Adó-Èkìtì

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá ọmọ ńkọ́, ọmọ tuntun ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé ọ mì? O ní o máa padà dé kí iṣu tuntun tó jáde. Iṣu tuntun ti jáde, a ti gún un, a ti jẹ ẹ́, a ò rí ọ. Mi ò bá ọ jà o. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kì í jìnnà sí mi nígbà tí mo bá ń pè ọ́.

Tíṣà fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi.

Rọra rẹ́rìn-ín, kí o má jí ọmọ ọlọ́mọ. Ọkọ̀ ìpẹja ni mo wí, ní Èkìtì yìí tí òkè yí wa ká, níbi tí ohun tí a mọ̀ jù kò ju iyán lọ. Owó ìfẹ̀yìntì wọn tó ti há láti ọjọ́ pípẹ́ ló jáde díẹ̀. Mo rò pé òrùlé ni a máa fi kàn. Tíṣà ní rárá, ọkọ̀ ni àwọn máa rà sí dáàmù Ero ní Ìkún, àwọn á gba ọmọkùnrin kan tó mọ omi, òun á máa pẹja, èmi á máa yan án, a ó sì máa pín owó. Kí n má purọ́, èrò yẹn ò burú. Láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1996, ni dáàmù yẹn ti wà níbẹ̀, epìyà àti àrọ̀ ibẹ̀ ni mo sì ń tà láti ọjọ́ yìí. Ohun tó ń dún mọ́ mi nínú kì í ṣe ẹja. Màá dé ibẹ̀.

Àwa méjèèjì la lọ sí Igbókòdá. Àkúrẹ́, Oǹdó, Òkìtìpupa, ìdí mi ò jẹ́ tèmi mọ́ nígbà tí a débẹ̀. Ẹnì kan ti fi fọ́tò ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí Tíṣà lórí WhatsApp, búlúù ni, ó ń dán, ẹ́ńjìnnì wà ní ìdí rẹ̀. Àfi bíi pé ìyàwó ni wọ́n rí. Wọ́n ti fún un lórúkọ kí a tó kúrò nílé!

Orí ilẹ̀ la bá a, wọ́n gbé e lé igi. Òórùn ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ta ló ń kun ọkọ̀ tó fẹ́ tà, tí kì í bá ṣe pé ó ní ohun tó fẹ́ bò? Bàbá Ìlàjẹ tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkún ti kọ́ mi pé kí n má wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, inú rẹ̀ nísàlẹ̀ ni kí n wò, níbi tí egungun ọkọ̀ ti kan pákó, torí ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé, mo ṣí pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Wọn ò kun abẹ́ ibẹ̀. Mo yọ ọ̀bẹ tí mo fi ń ha ìpẹ́ ẹja nínú báàgì, mo kì í bọ pákó, ó wọlé dé ìdajì láìlo agbára. Mo lọ síwájú díẹ̀, ó tún wọlé. Kéègì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gé lẹ́nu, tí wọ́n fi ń gbọ́n omi, ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán. Àbẹ̀kẹ́, kéègì yẹn ti ṣiṣẹ́!

Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á jẹ́ kí a ti ọkọ̀ náà sómi, kí ó sùn síbẹ̀ di àárọ̀. Ó ní ọkọ̀ onípákó tó bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń gbẹ, pákó á sún kì, omi á kọ́kọ́ wọlé kí ó tó tún dí. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pákó tó jẹrà kò ní dí láéláé, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí ó sùn sómi.

Ó wá kù sí ẹ́ńjìnnì tó gba ọkàn Tíṣà. Wọ́n gbé e sínú omi, wọ́n fà á, ó dún. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó yẹ kí omi máa tú jáde níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná. Ó tú díẹ̀, ó dá. Ó tún tú díẹ̀, ó dá. Mo sọ sí Tíṣà létí pé ọkùnrin tó bá ń tọ̀ báyìí, dókítà ni à ń mú un lọ bá. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí tú gíà ọ́ìlì rẹ̀ wò, funfun ló jáde, omi ti pò mọ́ ọn. Irin rẹ̀ náà, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́.

₦2,000,000 ló pe méjèèjì. Mo ní kí ó ya iye ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí ó ya iye ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀, kò gbà. Mo lọ bá gbénàgbénà tó ń kan ọkọ̀ létí omi, ó ní òun á kan tuntun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ní ₦900,000. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn, àlòkù tí ara rẹ̀ dá, mílíọ̀nù kan ni. A jẹ́ pé ọkọ̀ tó ti jẹrà ni ọ̀gbẹ́ni fẹ́ tà fún wa ju iye tuntun lọ!

Ìyá kan wà nísàlẹ̀ odò tí ọkọ rẹ̀ ti darúgbó kúrò lórí omi. Ọkọ̀ tirẹ̀ ò lẹ́wà, kò ní ọ̀dà kankan, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ níbi méjì, gbangba ni ojú lílẹ̀ náà sì wà. Ìrókò ni. Ọ̀bẹ mi ò wọlé. Ó sùn sómi mọ́jú, omi tí mo bá nínú rẹ̀ kò kún ife kan. Kò ní ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ méjì ló wà pẹ̀lú rẹ̀. ₦500,000 ló pè é, mo ná an dé ₦420,000. Àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ní ₦180,000 ni àwọn á fi gbé e dé Ìkún.

Tíṣà ní ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ò yẹ àwọn. Omi dáàmù tó dúró jẹ́ẹ́, omi tí àwọn ará ìlú ń mu, kí la fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ṣe níbẹ̀? Lítà epo 50 ni wọ́n ń po lítà ọ́ìlì kan mọ́ fún irú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, mélòó ni ẹja tí a ó fi san án?

Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Akọrin, ìrẹsì ò kárí. Ajá rẹ ti bímọ. Àyálégbé rẹ ti san owó.

Wò ó, ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi nìyí. Tíṣà ní àwọn fúnra àwọn á máa bá ọmọ tó máa tukọ̀ yẹn wọ ojú omi láràárọ̀. Ọkùnrin ọdún 64. O rántí ọjọ́ Àjíǹde tí a lọ sí Ìkọ̀gòsì. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ní ta ló ń fi ewú kọ́ ìwẹ̀? Mo ń rẹ́rìn-ín lójú wọn, mi ò sì ń sùn lóru.

Bí wọ́n bá ń sọ pé alárenà ti yẹ̀bá, tèmi ò tíì yẹ̀bá o. Ìwọ lo mú wọn wá bá mi. Pè wọ́n, bá wọn sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìyá yẹn, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kọ̀wé sí ọ. Kí o sì bá mi ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, méjì, ọ̀kan fún Tíṣà, ọ̀kan fún ọmọ tó máa tukọ̀. Èyí tí fóòmù wà nínú rẹ̀ ni kí o rà, má ra èyí tó ń fi agolo gáàsì wú. Tí agolo yẹn bá tán, níbo la ti máa rí òmíràn? Kílò 92 ni Tíṣà, àyà wọn jẹ́ ínṣì 44. Wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ẹ̀wù náà dáadáa kí o tó sanwó. Àbúrò rẹ ní ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín ní Kérésìmesì, mo ti kó owó fún un. Tí kò bá tó, sọ fún mi, má sọ fún Tíṣà.

Bá mi kí ìyá ọmọ.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ