Owó Dé, Ohùn Ò Dé

Àjàní ọkọ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ ti wọlé láti ọjọ́ Ẹtì. O ṣeun, wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n owó dé, ohùn ò dé. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ìyá Ṣadé sọ, pé o sùn lọ nídìí ọkọ̀ nígbà tí o ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní Manchester yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó fọn fèrè mọ́ ọ? Ṣé ẹnu ará ìta ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ?

Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tún ti ń jò. Àbẹ̀kẹ́ ti wọ Pólì. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan kú.

Ṣé òótọ́ ni?

Wàá ní ara rẹ ti mọ́ iṣẹ́ alẹ́. Irọ́ ni. Nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti sọdá ara wọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí gbogbo wọn tó nǹkan bí 20,000. Àwọn ni agogo ara. Kálukú wọn ló ní ìrìn tirẹ̀, òmíràn yá, òmíràn falẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn ni ohùn wọn fi ń ṣọ̀kan. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan tí wọn ò gbọ́ra wọn, ṣebí ọmọ odó á máa kọ lu ara wọn ni. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó gba ojú wọlé ló ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìwọ wá jáde níbi iṣẹ́ ní agogo méje àárọ̀, ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ọ lójú, o ní kí ara sùn! O tún jẹ ìrẹsì ní agogo mẹ́ta òru: ẹ̀dọ̀, tó ń fi oúnjẹ mọ àsìkò, ní ọ̀sán ni, ọpọlọ ní òru ni.

Ní 1729, ará Faransé kan, de Mairan, gbé irú ewéko tó ń ṣe bíi patanmọ́ ẹ̀yìnkùlé wa sínú òkùnkùn. Ewé náà ṣì ń là lọ́sàn-án, ó ń pa dé lálẹ́. Ewé lásán ò gbà kí wọ́n tan òun. Olórí kunkun bíi bàbá rẹ.

Wọn ò kọ́ wa ní èyí nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún 19 ni mo fi ṣe iṣẹ́ alẹ́. Ṣé o rántí ọ̀sán Sátidé tí o ń gún iyán fún bàbá rẹ? O ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbá ọ létí, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ mí. Oorun tí mo ti ń wá láti àárọ̀ ni. O ò sunkún. O yí odó lọ sẹ́yìnkùlé, o wá ń gún un jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gún ata. N kò bẹ̀ ọ́ rí. Mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí.

Gbé ọkọ̀ yẹn jókòó. Wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí o bá ṣe alẹ́. Ra kọ́tìnì dúdú, mi ò fẹ́ owó oṣù tó ń bọ̀.

Agogo mẹ́ta òru ni mo ń kọ èyí. Mo ti fẹ̀yìntì, síbẹ̀ ojú mi ṣì ń là lásìkò tí a máa ń yẹ àwọn aláìsàn wò. Bí o bá délé láàárọ̀, kí o tó bọ́ bàtà, pè mí. Ṣé òótọ́ ni, Àjàní?

Ìyá rẹ