Oògùn ọpọlọ kò rí bákan náà lára akọ àti abo

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìròyìn yín lórí oògùn àìsàn ọpọlọ. Ohun tí ẹ fò ni pé wàhálà tó ń dá sílẹ̀ lára obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, ó sì yẹ kí aláìsàn ti gbọ́ ọ kó tó gbé e mì.

Ẹ wo risperidone, ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà. Ó ń dí dopamine, kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ, lọ́wọ́, dopamine yìí ló sì ń kó prolactin, họ́mónù tó ń mú ọmú sun wàrà, níjàánu. Bí oògùn bá ti dí dopamine lọ́wọ́, prolactin á gòkè, ìwọ̀n oògùn kan náà sì sábà máa ń gbé prolactin obìnrin sókè ju ti ọkùnrin lọ. Obìnrin kan tí mo tọ́jú kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ó yẹ oyún wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí oyún, síbẹ̀ àyà aṣọ rẹ̀ ń tutù. Ta ló kìlọ̀ fún un? Ọkùnrin ní tiẹ̀, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ lè má dìde mọ́, ọmú sì lè yọ. Ojú á tì í, á rọra pa oògùn tì, àìsàn á sì padà dé.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi prolactin hàn. Dókítà lè dín oògùn kù, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ sí irú aripiprazole tí kì í sábà gbé e sókè.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ