Àjàní, ṣé lóòótọ́ lo ti ta kámẹ́rà yẹn?

Àjàní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo pè ẹ́ títí, ó ń dún, o ò gbé e. Mo wá ní kí Títí àbúrò ẹ máa bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí WhatsApp, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀, tó bá ṣi nǹkan tẹ̀ òun ni kó o bá wí. Ìyá Sàkíù tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bùté ló sọ fún mi pé ọmọ òun pàdé ẹ ní Yábàá, pé o ní o ti ta kámẹ́rà, o ò ya fọ́tò mọ́, torí pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí fọ́tò ògiri aláwòrán kan tó o yà, tó o gbé lọ síbi tí ẹ̀yin oní-kámẹ́rà ti máa ń wo iṣẹ́ ara yín. Mo ní irọ́ ni. Nígbà tó ṣe mo ní ṣé irọ́ ni ṣá? Torí o ò gbé fóònù.

Ilé wà. Atẹ́gùn ká páànù ẹ̀yìnkùlé, káfíńtà ti gba owó kò tíì wá. Títí ń ṣe WAEC, ó ní Physics le. Orúnkún mi ṣì wà bó ṣe wà, ìyẹn ò kàn ẹ́.

Orò jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. O mọ bó ṣe máa ń rí ní Ìkòròdú níbí, wọ́n kéde, gbogbo obìnrin wọlé, kò sọ́jà, kò síbi à ń lọ, a ti fèrèsé pa. Nígbà tí mi ò ríṣẹ́ ṣe ni mo ní kí Títí gbé fọ́tò ọ̀hún jáde, èyí tó o fi sí status kó o tó yọ ọ́, ó ti fi pamọ́ sórí fóònù ẹ̀. Mo wò ó. Mo fi jígí sójú, mo tún wò ó. Mo ní kó fẹ̀ ẹ́ fún mi, ó fẹ̀ ẹ́, mo ní kó lọ sápá ọ̀tún, kó lọ sísàlẹ̀, títí ọmọ náà fi ní òun fẹ́ kàwé. Mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹ sọ lórí fọ́tò yẹn, ṣùgbọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ bá ẹ jà ná.

Wọ́n ní àgbà ni ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i, pé kò bú ẹ, ó kàn bi ẹ́ pé kí ni ìwọ fi kún un. Pé ẹni tó kun ògiri ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀ tán, ọ̀dà tiẹ̀ ni, àrà tiẹ̀ ni, ìwọ wá dúró gangan níwájú ẹ̀ o tẹ kámẹ́rà. Lo bá gbé báàgì ẹ, lo bá jáde. Ó dáa. Ṣebí ìwọ kan náà lo sọ fún ọmọbìnrin tó ya inú ọjà pé èyí kì í ṣe fọ́tò, ìdọ̀tí ni? O rò pé mi ò ní gbọ́. Ìdọ̀tí! Ọmọ ọlọ́mọ wọkọ̀ wá, ó gbé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ pé kí ẹ bá òun wò ó, o ní ìdọ̀tí ni. Kí ló fẹ́ fi ìdọ̀tí ṣe? Tó o bá sọ fún un pé òpó iná hù jáde lórí ìyá oníṣu yẹn, pé tó bá sún ẹsẹ̀ díẹ̀ sọ́wọ́ òsì kó tó tẹ̀ ẹ́, òpó á kúrò lórí ẹ̀, ó ti rí nǹkan mú lọ sílé nìyẹn. Ìwọ bú ọmọ yẹn. Wọ́n bi ìwọ ní ìbéèrè lásán, o bínú lọ ta kámẹ́rà. Ṣé o ti tà á lóòótọ́?

Mo mọ ibi tó o ti kọ́ ẹnu yẹn. Bàbá yín, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n mọ iṣẹ́, kò sí ìyàwó tí wọ́n gbé jáde nígbà náà ní Ìgbógbó títí dé Ẹ̀bùté tí kò ní fẹ́ kí wọ́n ya òun. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ á yọ fọ́tò nínú háípò, oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, omi ò tíì kán tán lára ẹ̀, wọ́n á gbà á, wọ́n á fà á ya lójú oníbàárà. Èmi ni mo máa ń ṣa ìwé ọ̀hún nílẹ̀. Èmi gan-an ńkọ́, èmi tí mò ń fi pẹ́ńsù tún nẹ́gátíìfù, fíìmù tí wọ́n fi ya èèyàn, ṣe? Ẹ̀yin ò mọ̀yẹn, ẹ̀yin fi ìka ra ojú fóònù, ojú ti dán. Lára nẹ́gátíìfù, ibi tó bá dúdú lójú èèyàn, níbẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀, torí náà màá gbé e síwájú iná, màá gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù ṣóńṣó, màá fi tọ́ ojú àpá náà ní kékeré kékeré, kó lè di pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà àpá ò ní hàn. Tó bá pọ̀ jù ojú oníbàárà á funfun gbòò níbẹ̀. Bàbá yín á wò ó, wọn ò ní sọ ibi tó ti pọ̀ jù, wọ́n á kàn ní “o ti bà á jẹ́”, wọ́n á wọlé lọ. Èmi ni màá wá jókòó, tí màá máa wá ibi tí mo ti bà á jẹ́.

Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìwọ náà bẹ̀rẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni ò ní fa tìẹ ya nínú ilé yìí. O gbé e wá, mo ní ó dáa. O gbé òmíì wá, mo ní ó dáa gan-an ni, àrà ọ̀tọ̀ ni. Nígbà míì mò ń ro ọbẹ̀, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ mo rí i, mo rí i pé ojú sánmà ti jó funfun kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, mo rí i pé o gé èèyàn ní ọrùn ẹsẹ̀, mo ní ó dáa. Mo rò pé ìkẹ́ ni. Àgbà tó bi ẹ́ ní ìbéèrè yẹn, tí kò mọ̀ ẹ́ rí, ó wo fọ́tò ẹ ju bí ìyá ẹ ti ń wò ó lọ. Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá ẹ gbọ́ èébú jù, ìwọ ò gbọ́ nǹkan kan rí, nígbà tí ẹyọ kan wá dé o ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí.

Ó dáa, dákẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Má ṣàlàyé. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ sí iṣẹ́ ẹ má ṣàlàyé, torí tó bá jẹ́ dandan kó o dúró ti fọ́tò kó tó yé èèyàn, ta ló fẹ́ máa dúró tì í tó o bá lọ sílé lọ sùn?

Mo rí ojú ọmọbìnrin ńlá kan tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn, ojú ẹ̀ kan tóbi ju fèrèsé wa lọ. Ẹni tó kùn ún mọṣẹ́. Béèrè orúkọ ẹ̀ kó o kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò o, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Lábẹ́ ẹ̀ wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ THIS HOUSE IS NOT FOR SALE, ẹnì kan lẹ pósítà olóṣèlú mọ́ ọn létí, ẹlòmíì tún fi ọ̀dà fífín kọ orúkọ ara ẹ̀ gàdàgbà gba orí pósítà kọjá. Ẹ̀yìn ẹ gan-an ni oòrùn wà, mo mọ̀, torí mo rí òjìji orí ẹ nísàlẹ̀ ògiri, ìwọ ò rí i. Bí oòrùn bá ṣe kọjú sí ògiri tààrà báyẹn, gbogbo ẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Lọ nígbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, ibi tí ọ̀dà ti bó, ojú ìṣó, ibi tí wọ́n ti ya pósítà kúrò, gbogbo ẹ̀ á dìde. O tún gbé ẹnu kámẹ́rà sókè, ògiri wá ń ṣubú sẹ́yìn. Sún sẹ́yìn, kó o dì í mú kó dọ́gba.

Ìyẹn ò tó nǹkan, ọ̀sẹ̀ kan lo máa fi kọ́ ọ. Ohun tó dùn mí wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo rí ọwọ́ kan ńbẹ̀, Àjàní. Ọwọ́ obìnrin, ó mú abẹ̀bẹ̀, mo rí etí wáyà tí wọ́n ń sun bọ̀lì lé, eéfín ń ti ibẹ̀ gòkè lọ bo ẹnu ọmọbìnrin ara ògiri yẹn. O gé obìnrin náà dànù kí ògiri lè dá wà! Ẹni tó kun ògiri ò kun eéfín. Kò kun ìyá oníbọ̀lì. Wọ́n ní kí lo fi kún un, ó wà níwájú ẹ, o fi etí kámẹ́rà gé e.

Ya ògiri, kò sẹ́ni tó ní kó o má yà á. Títí bá mi wo òyìnbó ayafọ́tò kan tí àgbà yẹn dárúkọ fún yín, Brassaï, ó ní ògiri tí àwọn èèyàn fín ní Paris ló ń yà kiri láti nǹkan bí 1930 sókè, wọ́n gbé e lọ pàtẹ ní New York ní 1956, ó sì máa ń kọ àdírẹ́sì ògiri sínú ìwé kékeré kan kó lè padà lọ wo bó ṣe ń yí padà. Ó ń padà lọ o. Ìwọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Àti Ojeikere, ayafọ́tò tiwa ní Nàìjíríà níbí, tí bàbá yín máa ń dárúkọ ṣáá, irun orí obìnrin ni wọ́n ń yà láti 1968, tó fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò kí wọ́n tó kú ní 2014. Onídìrí ló di irun yẹn, kì í ṣe Ojeikere. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹ̀yìn orí lọ, níbi tí ẹni tó ni irun gan-an ò lè rí, wọ́n yọ gbogbo pálapàla tó kù kúrò lẹ́yìn ẹ̀, o lè ka ojú ìlà. Ta ló lè sọ pé wọn ò fi nǹkan kan kún un?

Kì í ṣe gbogbo ẹnu lo máa gbà ṣá. Ẹni tó bá ní kó o sọ ọ́ di dúdú àti funfun, tí kò sọ ìdí, nínú fọ́tò tó jẹ́ pé búlúù yẹn ló gbé e dúró, sọ pé ẹ ṣeun, kó o máa lọ. Ẹni tó bá fi ìka síbi kan pàtó, tìẹ nìyẹn, bó tiẹ̀ lẹ́nu búburú. Lọ sùn lé e lórí kó o tó bínú.

Owó àjọ mi ni kámẹ́rà Canon yẹn. Mi ò fi dún kokò mọ́ ẹ o. Tó bá jẹ́ ebi ló mú kó o tà á, ìyẹn yàtọ̀, sọ fún mi, mi ò ní pariwo. Irọ́ ni, màá pariwo, ṣùgbọ́n màá wá owó. Tó bá jẹ́ ìbínú ló mú kó o tà á, lọ bá ẹni tó rà á, bi í pé èló ló máa gbà, má bá a ṣàdéhùn kankan, pè mí kọ́kọ́. Tó ò bá sì tíì tà á, kí ló dé tó ò fi gbé fóònù, o fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru ni?

Kó o pe ọmọbìnrin tó o bú yẹn. Má ṣe é nínú ẹgbẹ́ lójú gbogbo ayé, pè é, sọ fún un pé òpó iná ni.

Fọ́tò tó kù tó o yà níbi ògiri yẹn, àwọn tó o rò pé kò dáa, má pa wọ́n rẹ́. Fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Títí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá oníbọ̀lì yẹn wọ inú ọ̀kan. Màá pè ẹ́ lálẹ́ òní tí mo bá ti ibi ìpàdé àjọ dé, gbé e o.

Èmi ìyá ẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, Títí rè é. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé fóònù, wọn ò jẹ́ kí n kàwé. Èmi kọ́ ni mo sọ tọmọbìnrin yẹn fún wọn o, wọ́n gba fóònù mi kà ni. Páànù tí wọ́n ń sọ yẹn, yàrá yín ló wà, a ti kó ẹrù yín sí pálọ̀.