Páàdì bíréèkì tráàkì tí ẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ gbé lọ tráàkì: ẹ dá owó mi padà

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Torí wọ́n kọ́ mi nílé pé èèyàn gbọ́dọ̀ kí èèyàn ni mo ṣe kí yín, kì í ṣe pé mo rí iṣẹ́ kankan tẹ́ ẹ ṣe. Nọ́ńbà ọ́dà mi wà lọ́wọ́ yín, rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ yín sọ lórí WhatsApp wà ńbẹ̀, torí náà mi ò ní máa ka irú mọ́tò àti ọdún mọ́tò fún yín mọ́, mo ti kà á títí ètè mi fẹ́ẹ̀ bó. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti gbé fóònù yín, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi mi ni "ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìṣòro yín?" bíi pé kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀ rí lọ́fíìsì yẹn.

Ọ̀rọ̀ ò ju báyìí lọ. Páàdì tráàkì ni mo ra, ìyẹn páàdì bíréèkì tí wọ́n ṣe fún mọ́tò tó ń sá eré lórí pápá. Kí n tó sanwó ni mo ti béèrè pé ṣé ó máa gba ooru, ọmọ yín ní "ó máa gbà á dáadáa sà, ó ń lọ dé 650°C". Ẹ wá fi páàdì títì lásán ránṣẹ́ sí mi nínú páálí tráàkì. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú o, ẹni tó ń di ẹrù lè ṣèèṣì gbé òmíì. Ohun tó tẹ̀lé e ni mi ò lè gbé mì.

Bíréèkì kọ̀ lórí tráàkì, mo pè yín. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní ọ́ìlì bíréèkì mi ló hó. Mo ní rárá, tuntun ni mo dà sí i, DOT 4, tí kò bá tíì fa omi sára ó dìgbà tó bá dé 230°C kó tó hó, àti pé tó bá jẹ́ ọ́ìlì ló hó ni, pẹ́dà á rọ̀, ẹsẹ̀ mi á rì wọlẹ̀. Tèmi le gbagidi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, mọ́tò ò dúró, òórùn jíjóná gba gbogbo inú ọkọ̀, jíà ni mo fi ń já a wálẹ̀, koríko ló gbà mí. Páàdì ló gbóná kọjá agbára ẹ̀ tó wá ń tú gáàsì sáàárín ara ẹ̀ àti dísìkì, ẹni tó ń ta bíréèkì ló yẹ kó ṣàlàyé ìyẹn fún mi, kì í ṣe èmi fún un. Ó dákẹ́. Ó ní kí n mú sùúrù díẹ̀ lórí láìnì. Orin yín ni mo ń gbọ́ títí káàdì mi fi tán.

Ẹlòmíì ní mẹkáníìkì mi ò mọ̀ ọ́n fi sí. Ó ní kí n ṣe fídíò, mo ṣe é. Ó ní fídíò ò mọ́lẹ̀, mo tún òmíì ṣe lọ́sàn-án gangan. Ó ní kí n fi sí email, email ń dá a padà pé àpótí yín ti kún. Wọ́n tún ní bóyá mi ò fún páàdì láyè kó mọ dísìkì kí n tó sá eré. Mo ní mo ṣe é, láàárọ̀ kùtù tí títì dá, mò ń sá a dé nǹkan bíi 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mò ń fà á wálẹ̀ sí 20 láì jẹ́ kó dúró pátápátá, lẹ́yìn ìyẹn mo rọra wà á lọ kó lè tutù. Mo ya fọ́tò lẹ́tà méjì tó wà létí páàdì ránṣẹ́, EE, ẹ ní nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lásán ni. Ẹ̀yin èèyàn yìí! Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú tí ooru ò bá pọ̀, ìkejì bó ṣe ń mú tó bá gbóná, E ò sì ju 0.25 sí 0.35 lọ lórí ìwọ̀n bí páàdì ṣe ń di dísìkì mú. Gbogbo ẹni tó ń ta páàdì ló yẹ kó mọ ìyẹn.

Ìgbà yẹn lẹ wá fi ọmọbìnrin kan lé mi lọ́wọ́. Mo ń ṣàlàyé lọ́wọ́, ó já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, ibo lẹ ti ń sá mọ́tò gan-an? Ṣé Tákìí ni?" Ó rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ẹlòmíì tó ń bá a rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kó yé yín pé pápá tá a háyà la ti ń sá a, tá a pa ọ̀nà mọ́, tá a dé akoto, kì í ṣe àárín ọjà. Àti pé nígbà tí mò ń ṣe tiránsífà, kò sẹ́ni tó bi mí pé ìlú wo lowó ti ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ tajà fún ọmọ Ajílété, ẹ kọ ọ́ síta. Kò tán síbẹ̀, ó ní "bíréèkì ni bíréèkì sà, kó ṣáà ti mú mọ́tò dúró". Ẹ bá mi sọ fún un pé tí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru tí bíréèkì máa gbé á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń fà á láti 160 àti ẹni tó ń fà á láti 80, iṣẹ́ wọn ò jọra.

Ọ̀gá ẹ̀ ló wá gba fóònù, ohùn ẹ̀ tutù, mo rò pé mo ti bá èèyàn pàdé. Ó ní ìwé àdéhùn yín ò kan ẹni tó bá fi páàdì sá eré. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ! Ẹ̀yin lẹ kọ TRACK gàdàgbà sára páálí, ẹ̀yin lẹ ya mọ́tò eré sí i, tí mo bá wá gbé e dé tráàkì ó ti di ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní ṣé kí n máa fi gbé ọmọ lọ síléèwé ni? Ó ní rárá o, páàdì tráàkì kì í mú dáadáa tó bá tutù, kò dáa fún títì. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pààrọ̀ ẹ̀ kí n tó bọ́ sí títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, torí tirélà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni pé kí páàdì ẹ̀ kọ́kọ́ gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: kò ṣeé lò lórí títì, kò ṣeé lò lórí tráàkì, ṣé inú pálọ̀ ni kí n ti máa lò ó?

Ó ní kí n dá a padà, kó tó di Friday òun fúnra òun máa pè mí. Mo gbé e lọ gáráàjì, mo san owó wébíìlì lápò ara mi, dírẹ́bà ní ọmọ yín ló gbà á lọ́wọ́ òun. Friday yẹn dé, ó lọ, àwọn míì tún tẹ̀lé e. Mo gbé fóònù wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e wọ balùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wọlé látọ̀dọ̀ yín ni pé kí n fún yín ní ìràwọ̀ márùn-ún, àti pé ẹ ń dín owó ọjà kù. Ẹ kú ìnáwó o. Nígbà tí mo wá pè, wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú ẹrù wà ní líìfù, pé páàdì tá a ti lò ò ṣeé gbà padà. Owó mi wà lọ́wọ́ yín, páàdì wà lọ́wọ́ yín. Kí ló wá kù sọ́wọ́ mi jàre?

Mi ò fẹ́ pààrọ̀, mi ò fẹ́ kúpọ́ọ̀nù. Ẹ dá owó páàdì padà, ẹ fi owó wébíìlì lé e, kí ọmọbìnrin yẹn sì pè mí kó tọrọ àforíjì, Yorùbá ni kó fi sọ ọ́ torí Yorùbá ló fi bú mi. Mo fún yín di òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí n ò bá gbúròó yín, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ni lẹ́tà yìí ń lọ, tòun ti fídíò àti fọ́tò EE yẹn, màá sì kọ sí SON, àjọ tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, pé ẹ ń ta páàdì títì nínú páálí tráàkì, kí wọ́n wá ka iye tó kù nínú sítọ́ọ̀ yín. Gbogbo ẹgbẹ́ onímọ́tò tí mo wà nínú ẹ̀ lórí WhatsApp máa rí i. Tí ìyẹn náà ò bá ta yín létí, èmi àti lọ́yà mi máa wá jókòó sí rìsẹ́pṣọ̀n yín, a máa gbé oúnjẹ dání, a ò ní kánjú.

Àkáǹtì tí mo fi sanwó náà ni kẹ́ ẹ dá a padà sí. Ẹ má pè mí láti bi mí ní nọ́ńbà ẹ̀, ó wà lọ́wọ́ yín.

Èmi ni,
Kọ́sítọ́mà yín l'Ógbómọ̀ṣọ́