Lẹ́tà sí Fẹ́mi ní Àgbádárìgì: ọ̀rọ̀ màlúù àti ọ̀rọ̀ ilé

Fẹ́mi àbúrò mi,

Ṣé dáadáa ni? Ìyá Tolú ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n fi mí sí ní Manchester níbí, ìgbà tí o bá ń pè gan-an ni mo máa ń sùn. Mi ò sá fún ọ. Owó iléèwé àwọn ọmọ ti wọlé sí àkáǹtì rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Owó màlúù ìdúpẹ́ Kérésìmesì ni mi ò ní san. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, o ní kí n wá ṣàlàyé ète ìdílé tí mò ń pariwo rẹ̀, ìyẹn gbólóhùn tó ń sọ ohun tí ilé yín wà fún, pé ṣé ète lẹ ó jẹ ni. Ó dáa, ìdáhùn rẹ rèé.

Kí o tó pe ọmọ kankan jókòó, ìwọ àti Ìyá Tolú ni kí ẹ kọ́kọ́ tilẹ̀kùn sọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́ jù: ọkọ á dá a kọ sínú ìwé, á wá kà á fún ìyàwó àti ọmọ bí ìkéde ìjọba, wọn á ní "Àmín", ó parí síbẹ̀. Lọ ka Ámósì 3:3. Ẹ jọ dáhùn ìbéèrè kan péré: nígbà tí Dára tó kéré jù bá fi máa kúrò nílé, kí la fẹ́ kó ti kọ́ lọ́dọ̀ wa nípa Ọlọ́run àti nípa ọmọ ẹ̀dá? Bí ìdáhùn yín kò bá tíì bára mu, ẹ má tíì pe àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìṣẹ́jú 45 ti tó. Fóònù gbogbo yín, tìrẹ náà, kó wọ inú abọ́ kan. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín: Kí ni Ọlọ́run fún ilé wa tí a lè fi ran ẹlòmíì lọ́wọ́? Ta ni ìyà ń jẹ nítòsí wa tí agbára wa ká? Kí ni a kò fẹ́ kí wọ́n bá nílé wa láéláé? Dára ni kó kọ́kọ́ dáhùn, Ìbùkún tẹ̀ lé e, Tolú, ẹ̀yin méjèèjì, kí Màmá kẹ́yìn. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ohun tí àgbà sọ lọmọ máa tún sọ. Kí Tolú máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí Dára bá ní "ẹ má pariwo mọ́", pariwo ni kó kọ. Má tún un ṣe, má sì bi í pé ta ló ń pariwo.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu ẹni tó ju méjì lọ ni kí ẹ fà yọ, kí ẹ fi ṣe gbólóhùn kan tí kò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ, torí ọmọ ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ láìwòwé. Bí irú èyí: "Ilé yìí ń sin Ọlọ́run, a máa ń sọ òótọ́, ilẹ̀kùn wa sì ṣí fún ẹni tí kò ní." Má dárúkọ ìjọ kankan sínú rẹ̀. Màmá kò ní fi Áńgílíkà sílẹ̀, ẹ̀yin náà kò ní padà síbẹ̀. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìjọ ta ló tọ̀nà, ẹ ti pàdánù Màmá nìyẹn. "A ó kọ́lé, a ó ra mọ́tò" náà kò sí níbẹ̀, àdúrà nìyẹn. Ibi tí ẹ ti ń jẹun ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe pálọ̀ níbi tí àlejò ti máa yìn yín.

Kí apá kọ̀ọ̀kan wá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ti sísin Ọlọ́run ni àdúrà òwúrọ̀, ìṣẹ́jú 15, kó parí kí Tolú tó jáde lọ wọkọ̀: orin kan, ẹsẹ Bíbélì mẹ́fà sí mẹ́wàá, ìbéèrè kan, àdúrà. Ẹ máa gbà á darí lọ́wọ́ ara yín. Dára lè dá orin. Bí o bá ti jáde lọ sí Mile 2 kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá Tolú ni kó darí, kò gbọdọ̀ dúró dè ọ́. Ohun tó ń pa àdúrà ilé ni gígùn, àti fífi àdúrà bá ọmọ wí. "Olúwa, gba Tolú lọ́wọ́ ẹ̀mí irọ́": Tolú mọ̀ pé òun lò ń bá wí. Parí ẹjọ́ kí ẹ tó kúnlẹ̀.

Ti òótọ́ ni alẹ́ Sátidé. Kálukú á sọ ohun kan tó dun òun àti ohun kan tó múnú òun dùn lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n lè dárúkọ ìwọ náà, bàbá wọn. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ kò gbọdọ̀ dáhùn ju "mo gbọ́" àti "má bínú" lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí àwíjàre ló ń jẹ́ kí ọmọ pa ẹnu mọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ti ilẹ̀kùn, ẹ ra kóló kan, kí ẹ tẹ̀ lé 1 Kọ́ríńtì 16:2: ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, kálukú bó ṣe rí. Dára lè fi náírà 50 sí i, kí ìwọ fi 1,000. Kì í ṣe ìdámẹ́wàá o, má yọ ọ́ níbẹ̀. Níparí oṣù, àwọn ọmọ ni kó yan ẹni tí ẹ máa gbé e fún, kí wọ́n sì bá yín lọ. Kóńgò ìrẹsì kan fún opó tó ń ta àgbọn ládùúgbò yín, ṣé ìyẹn le?

Wàyí o, gbé màlúù síwájú gbólóhùn yẹn kí o wò ó. Apá wo ló bọ́ sí? Iṣẹ́ gbólóhùn náà nìyẹn, kó jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ kò ní ṣe.

O tún ní ẹ máa bẹ̀rẹ̀ tí mo bá wálé. Fẹ́mi, ìwọ tó ń gbé Àgbádárìgì! Àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Àjàyí Crowther dé ìlú yẹn ní 1845, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, wọn ò rí i gbà títí di 1846. Wọn ò káwọ́ gbera. Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé. Ìgbà tí Crowther wá dé Abẹ́òkúta ló rí ìyá rẹ̀ tí ogun ẹrú ti yà wọ́n láti 1821. Ní 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà. Tí iléèwé bá wọ ìsinmi, kó àwọn ọmọ lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Marina, kí o fi ibi tí igi Agia ti wà hàn wọ́n, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní 1842, kí Crowther tó dé. Ẹ má dúró dè mí.

Bí táàmù tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tún gbólóhùn náà kà. Èyí tí ẹ kò ṣe rárá, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ dín in kù.

Mo mọ̀ pé wàá ní Ìlú Ọba ti yí mi lórí. Kò yí mi lórí. Owó òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ṣé o ti fi ra òògùn? Mo ti bi ọ́ tẹ́lẹ̀, o fò ó dá. Ya fọ́tò òògùn náà, kí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tí Tolú bá kọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, Bísọ́lá